Léèsì Ni Ìwé Ìwọlé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọ̀rẹ́ tí ẹ ní, kò dìgbà tí ẹ bá kú. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò ní í ra aṣọ ẹbí ọ̀tẹ̀ yìí.

Wọ́n á ti kọ́kọ́ fà yín sínú agbo WhatsApp láìbi yín. Kò ní í tó wákàtí kan tí àwòrán léèsì mẹ́ta á fi balẹ̀: ti ẹbí ìyàwó, ti ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó, àti ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí wọ́n ṣe jẹ́ sí ìyàwó. Nọ́ńbà àkáǹtì á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni o. Wọ́n kàn ń fi àmì síwájú orúkọ àwọn tó ti sanwó ni, tiyín á wá dá dúró nísàlẹ̀ bí orúkọ ẹni tó jẹ ẹlẹ́mu ní gbèsè.

Èmi ò bá aṣọ ẹbí jà látìbẹ̀rẹ̀. Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Ẹgbẹ́ kan a máa dá aṣọ kan náà, àwọn ọmọ olóòkú a sì máa wọ irú kan, kí àlejò tó ti òkèèrè dé lè mọ ẹni tó máa bá kẹ́dùn. Ìyẹn ní ìtumọ̀. Tòde òní, ọjà ni. Ẹni tó ń ṣèyàwó á wọ Balógun l'Ékòó tàbí Gbági n'Ìbàdàn, á ra léèsì ní iye kan, á lé èlé sí i fún wa. Èlé yẹn ni ìrẹsì, òun ni màlúù, òun náà ni olórin. Àwa tí wọ́n ní wọ́n pè wá jẹun, àwa la dáwó oúnjẹ.

Léèsì náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú làwọn òyìnbó Lustenau, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Rhine ní Ọ́stríà, ti ń fi ẹ̀rọ kóṣẹ́ sí i lára fún wa. Àwọn ò wọ̀ ọ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ? Ìjọba wa ti fòfin de kíkó aṣọ òkèèrè wọlé nígbà kan rí; léèsì gba ọ̀nà Kùtọnu, ó dé òde àríyá kí olórin tó tún gìtá ṣe tán. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn sì wà nídìí òfì, wọ́n ń wò wá níran.

Ní gbọ̀ngàn, ojú aṣọ ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Ọmọ tó ń gbé àwo kiri á wo èjìká yín kó tó wojú yín. Tó bá rí léèsì, jọ́lọ́ọ̀fù dé, ẹran dé, omi tútù dé, ike tí wọ́n tẹ àwòrán ọkọ àtìyàwó sí náà dé. Tó bá rí àǹkárá èṣí, “Wọ́n ń gbé tiyín bọ̀, mà.” Mo rí màmá àgbà kan tó wọ sányán gidi, irú èyí tó ti ṣọ̀wọ́n. Ọmọ náà bi í pé, “Màmá, ẹgbẹ́ wo lẹ bá wá?” Màmá ní, “Èmi ni mo gbẹ̀bí ọkọ ìyàwó.” Ọmọ náà ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná.

Ti gèlè, mi ò ní í sọ púpọ̀. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kì í rí ìyàwó, ó kàn ń gbúròó rẹ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó sá lọ Lọ́ńdọ̀nù ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó, tó ń gbé ní Peckham, òun náà sanwó léèsì ìgbéyàwó Ìjẹ̀bú tí kò lè wá. Pálọ̀ ló ti wọ̀ ọ́, ó ya fọ́tò, ó bọ́ ọ, ó padà síbi iṣẹ́.

Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, làwọn Ẹ̀gbá ń wí. Ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n ti yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ti ra yáàdì márùn-ún. Kí ló fà á? Ìbẹ̀rù ni. Ó ní ọmọbìnrin méjì nílé. Bí kò bá ra tìyáàfin tó ń ṣe ìnáwó, ìyáàfin náà ò ní í ra tiẹ̀, ìyáàfin sì ní ìwé tó ń kọ orúkọ sí. Gbèsè kan náà la jọ ń gbé yípo, à ń pè é ní ìfẹ́. Aṣọ ọ̀hún ò sì ṣeé wọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní, “Ti ìnáwó lágbájá kọ́ nìyẹn?”

Àbá tèmi ni pé ká sanwó oúnjẹ ní tààrà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè: ìrẹsì àti ẹran kan, iye báyìí, àmàlà àti ṣàkì, iye báyìí, ìjókòó ìdí fáànù, ẹ fowó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá ìyàwó dá òun mọ̀, kó fi díẹ̀ kún un. Kálukú á wọ aṣọ tó wà nílé. Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n gidi ni, ó ní kí n wá yára mú ọ̀kan nínú elésè àlùkò àti aláwọ̀ ewé, pé yáàdì ti ń tán.