Wọn Ò Yí Àbùdá Kòkòrò Oyin Padà

Láti ìgbà abẹ́rẹ́ kòrónà ni RNA, èròjà tó ń gbé ìsọfúnni àbùdá nínú ohun abẹ̀mí, ti di ọ̀rọ̀ tó ń já ènìyàn láyà. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń fi í gbógun ti àrùn kòkòrò oyin, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: "Wọ́n ti yí àbùdá oyin padà nìyẹn. Ta ló tún fẹ́ lá a?" Ẹ fara balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Ísírẹ́lì. Kòkòrò oyin tó bá kó o, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì, kò ní lè fò mọ́, á wọ́ jáde kúrò nílé, á sì kú síta. Bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá ti ń bí sí i nínú ara, RNA rẹ̀ á di okùn méjì tó lọ́ mọ́ra. Ara kòkòrò oyin kì í fojú ire wo irú okùn bẹ́ẹ̀: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Dicer á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá. Òmíràn, Argonaute, á mú ègé kan dání bí ọlọ́dẹ tí wọ́n fún ní fọ́tò olè. RNA tó bá ti bá a mu, á gé e dànù. Ọgbọ́n yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọdún 1998 ni Andrew Fire àti Craig Mello tú àṣírí rẹ̀ lára aràn kékeré kan, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe kò ju pé wọ́n fún ọlọ́dẹ ní fọ́tò kí olè tó dé. Wọ́n ṣe RNA tó jọ apá kan ti fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n pò ó mọ́ omi ṣúgà, kòkòrò oyin mu ún. DNA tirẹ̀, níbi tí àbùdá rẹ̀ wà, kò yí padà. Ilé oyin 160 ni wọ́n fi dán an wò ní Florida àti Pennsylvania, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2010: àwọn tó mu ún pọ̀ nílé, wọ́n sì ṣe oyin ju àwọn tó kó fáírọ́ọ̀sì láìmu ún lọ.

Ẹni tó ń bẹ̀rù oyin lílá ńkọ́? Ẹ̀wà tí ẹ jẹ láàárọ̀ kún fún RNA, ẹja àti ẹ̀dọ̀ náà. Á dà nínú yín bí oúnjẹ yòókù.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni pé RNA yìí kì í pẹ́ bàjẹ́, léraléra ni wọ́n á máa fún un. Ìyẹn ni àwọn ará University of Texas at Austin ṣe gba ọ̀nà mìíràn ní 2020: wọ́n tún àbùdá bakitéríà inú ìfun kòkòrò oyin ṣe, kó lè máa pèsè irú RNA bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí gan-an, wọ́n fọwọ́ kan àbùdá. Ti bakitéríà ni o, inú láàbù ni wọ́n sì ti ṣe é. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni kó gbé e lọ.