Stáfílò kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀

Ẹni tó bá ń ná ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí yóò ti gbọ́ àwọn tó ń polówó oògùn lórí gbohùngbohùn nípa stáfílò, kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí: òun ló ń sọ àtọ̀ di omi, òun ni kì í jẹ́ kóbìnrin lóyún, òun ló ń rìn káàkiri lábẹ́ awọ. Ẹ ra ìgò kan, ó tán! Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára débi pé bí ìwé àyẹ̀wò bá ti dárúkọ rẹ̀, ọkọ á máa bi ìyàwó pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kó o wá.

Irọ́ ni, irọ́ tó ń tú ilé. Nínú ènìyàn 10, nǹkan bíi 3 ló ń gbé kòkòrò yìí kiri nínú ihò imú, tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Ó ń gbé ní abíyá àti ojú ara pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti bọ́ sínú àtọ̀ tàbí ìtọ̀ tí wọ́n gbà fún àyẹ̀wò, àgàgà bí ẹni náà ò bá fọwọ́ kó tó gbà á. Ẹni tó bá ń wá àrùn ìbálòpọ̀ tó ń dí ọ̀nà ọmọ, àtọ̀sí àti klamídíà ni kó lọ yẹ̀ wò.

Awọ tó bó ni stáfílò ń wá. Ẹ̀fọn jẹ ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ ń họ ọ́ pẹ̀lú èékánná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ imú. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ yóò fi máa ṣomi, tí yóò sì sé èépá aláwọ̀ oyin. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń fi aṣọ ìnura kan náà nura á sì kó o. Ìwọ́ ọmọ tuntun tí a fi nǹkan ìdọ̀tí sí, ọ̀nà ni. Ní ti àgbà, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí abẹ́rẹ́ omi pẹ́ lára rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìyálọ́mọ tí orí ọmú rẹ̀ là. Abẹ tí onígbàjámọ̀ fi fá orí ẹlòmíì náà ń bẹ níbẹ̀.

Kápúsù oògùn apakòkòrò méjì-méjì tí a ń rà lọ́jà ńkọ́? Orí àwo tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Fleming ti ń sin stáfílò ni wọ́n ti rí pẹnisílì, oògùn apakòkòrò, ní 1928. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú stáfílò ò ka pẹnisílì sí mọ́. Mẹtisílì tí wọ́n ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀, ní 1961 ni wọ́n ti rí stáfílò tí kò gbọ́ tiẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlò ìlòkulò ló ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n.

Eéwo kékeré, ẹ má fún un. Ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rì sómi gbígbóná wọ́ọ́rọ́ lé e. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láìṣubú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, àgàgà bó bá jẹ́ ọmọ tó ní fònìkú-fọ̀ladìde, nítorí egungun rẹ̀ ni kòkòrò lè ti wọ̀.