Ọ̀rọ̀ Gisozi kọjá fọ́tò àwọn àlejò

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò ní Gisozi, ibi ìrántí tó wà ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, ló sọ ìrántí ìpẹ̀yàrun ọdún 1994 níbẹ̀ di ọjà. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣàlàyé sétí ẹni ni wọ́n ń gbowó lé. Inú ètò ìrìnàjò afẹ́ ni owó ńlá wà: ìwé àṣẹ láti lọ wo ìnàkí nìkan tó dọ́là 1,500 fún àjèjì, àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò á wá fi Gisozi dí ọ̀sán kan láàárín.

Ti òṣèlú ló wúwo jù. Kò sẹ́ni tó lójú àánú tó máa jiyàn pé wọ́n pa àwọn ẹ̀yà Tutsi o. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2008 tó lòdì sí “èrò ìpẹ̀yàrun”, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní 2013, fẹ̀ débi pé ìbéèrè lásán lè kó síbẹ̀ nígbà náà. Ní January 2010, Victoire Ingabire, olórí ẹgbẹ́ alátakò, dúró ní Gisozi, ó béèrè ìrántí fún àwọn ẹ̀yà Hutu tó kú náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá fún un ní 2013, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ àti fífojú kéré ìpẹ̀yàrun. Ọdún 2010 yẹn kan náà, nígbà tí ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìpakúpa ní Kóńgò, tó fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ ogun Rùwáńdà, jáde síta láìtíì tó àkókò, ìjọba Kigali ní òun á kó àwọn ọmọ ogun òun tó ń pa àlàáfíà mọ́ kúrò ní Darfur ní Sudan.