Àtúnṣe: Incognito kò fi yín pa mọ́ fún gbogbo ayé

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jà ràn-ìn pé ẹni tó bá ti ṣí Incognito (ojú ewé ìkọ̀kọ̀) lórí Chrome, ètò tí Google ṣe tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tí ẹ bá pa Incognito, kò ní fi àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín. Ó wúlò gan-an bí ẹlòmíràn bá ń lo ẹ̀rọ yín. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè mọ ìkànnì tí ẹ wọ̀, ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibiṣẹ́ náà lè mọ̀ ọ́n, ìkànnì ọ̀hún sì ń rí àdírẹ́sì IP yín, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì tí ẹ gbà sílẹ̀ náà kò ní pòórá.

Àṣìlóye yìí wọ́pọ̀ débi pé ó dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní 2020. Ní 2024, ó gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ṣe nínú Incognito rẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ ṣí Incognito, kí ẹ ka ohun tí Chrome kọ síbẹ̀. Ire ni ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín ní lọ́kàn, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí i.