“Kwanjangnim” kì í ṣe oyè dan kẹsàn-án

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pín in kiri pé “kwanjangnim” ni oyè tí wọ́n fi ń dá ẹni tó bá dé dan kẹsàn-án (ìpele kẹsàn-án àwọn tó ní ìgbànú dúdú) nínú taekwondo, eré ìjà ilẹ̀ Kòríà, lọ́lá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Kòríà, “kwan” ni ilé tàbí gbọ̀ngàn, “jang” sì ni olórí, nítorí náà olórí ilé ẹ̀kọ́ ìjà ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, dan yòówù kó ní. Kódà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ilé ìkàwé àti ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, bí kò tilẹ̀ kọ́ ìjà rí. Ìpele ni dan, Kukkiwon, olú ilé taekwondo tí wọ́n ṣí ní Seoul lọ́dún 1972, ló sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

“Nim” tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí olùkọ́ tó kọ ọ́ mọ́ orúkọ ara rẹ̀ lára pátákó, nítorí ẹlòmíràn ló ń fi “nim” peni, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà Yorùbá kì í ti í fi “wọ́n” pe ara rẹ̀. “Kwanjang” lásán ni kó kọ.