Òǹtẹ̀ Ara Fíìmù Kò Kan Fídíò Tó Ń Tú U Palẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún 10 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti wo eré kàtúùnù kan pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orin inú rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá orúkọ eré náà lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ jáde sí i ni fídíò kan tí ẹnìkan ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé àwọn ọmọ inú eré yẹn kò sí láyé mọ́, pé òkú ni gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán tó rí lánàá náà ló ń wò. Àlàyé tó wà lórí rẹ̀ ló di ohun ẹ̀rù. Eré yẹn gba òǹtẹ̀ pé tọmọdé tàgbà lè wò ó. Ta ló fún fídíò yìí ní òǹtẹ̀?

Òbí tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fídíò ìtúpalẹ̀ fíìmù, ìyẹn èyí tí ẹnìkan ti ń ṣàlàyé ìtumọ̀ fíìmù tàbí bí wọ́n ṣe yà á, yẹ ọmọ òun sábà máa ń wo orúkọ fíìmù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ eré ọmọdé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù tó ń dẹ́rù bani, á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Lójú tiwa, òṣùwọ̀n yẹn kò péye. Fídíò ìtúpalẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó dá dúró, ó sì yẹ kó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ orí tirẹ̀, èyí tí ẹni tó fẹ́ wò ó máa fojú rí kó tó tẹ̀ ẹ́. Títí dìgbà tí èyí á fi ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa dá wọn wò.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ti mọ̀ pé ọjọ́ orí ní ìpele. Láti ọdún 1912 ni Britain ti ní àjọ BBFC tó ń yẹ fíìmù wò, òǹtẹ̀ wọn lónìí sì bẹ̀rẹ̀ láti U (tọmọdé tàgbà lè wò ó), ó gba PG (kí òbí máa tọ́ ọmọ sọ́nà), 12A àti 15 kọjá kó tó dé 18. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 1968. Nígbà tó fi máa di 1984, wọ́n rí i pé àlàfo àárín PG àti R (èyí tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ wò láìsí àgbàlagbà pẹ̀lú rẹ̀) ti fẹ̀ jù, wọ́n sì fi PG-13, tó ń kìlọ̀ fún òbí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, dí i.

Lórí YouTube ńkọ́? Ẹni tó gbé fídíò sókè ni wọ́n ń bi bóyá àwọn ọmọdé ló ṣe é fún. Láti oṣù kìíní 2020 ni ìbéèrè yìí ti di dandan, lẹ́yìn tí Google àti YouTube gbà ní 2019 láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 jọ láìgba àṣẹ òbí. Ẹ wo ohun tó bí ìbéèrè náà dáadáa: ìkójọ ìsọfúnni àti ìpolówó ọjà ni, kì í ṣe ohun tí ojú ọmọ ń rí. Ní ìkangun kejì, wọ́n lè ti fídíò mọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àárín méjèèjì yìí gbalasa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fídíò ìtúpalẹ̀ wà. Lóòótọ́, láti 2021, òbí lè ṣètò àkáǹtì ọmọ rẹ̀ kó sì yan ìpele ọdún 9 sókè tàbí 13 sókè. Ó dára, a sì gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára fídíò fúnra rẹ̀ tó máa fi ìpele yẹn han òbí tó jókòó ti ọmọ.

Ẹ wo ohun tí ìtúpalẹ̀ máa ń ṣe sí fíìmù. Fíìmù wákàtí méjì lè ní ìjà mẹ́ta nínú. Láàárín ìjà kan sí èkejì, a ó rí ìyá tó ń sunkún, a ó rí ẹni tó pànìyàn tí kò rí oorun sùn mọ́, a ó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ná wọn. Atúpalẹ̀ tó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ya ìjà á gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, á so wọ́n pọ̀, á mú kí wọ́n máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á tún wọn fi hàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 9 tó ń wò ó kò rí ìyá tó ń sunkún. Ìjà nìkan ló rí, ó sì ń gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tó ń sọ pé ó rẹwà. Bí kò bá sí àgbàlagbà mìíràn nítòsí tó máa bá a sọ ọ́, ohun tó máa gbé lọ sórí ibùsùn nìyẹn.

Síbẹ̀, a kò sí lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ká fòfin de fídíò ìtúpalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba. Ọmọ ọdún 15 tó bá rí atúpalẹ̀ gidi ti rí olùkọ́. Á mọ̀ pé bí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀ tó ń wo ènìyàn lókè, ẹni náà á tóbi lójú wa. Pé orin ti ń já wa láyà kí ohunkóhun tó yọjú. Pé ẹni tó gé àwòrán ló pinnu ojú ẹni tí a máa rí nígbà tí ọ̀rọ̀ burúkú bá jáde. Ọmọ tó mọ èyí kò ní tètè kó sọ́wọ́ ìpolówó tàbí olóṣèlú tó ń fi orin àti àwòrán múni lọ́kàn. Ìtúpalẹ̀ fíìmù tó ń dẹ́rù bani pàápàá lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láǹfààní, bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló ń ṣàlàyé, tí kò da ẹ̀jẹ̀ sí wa lójú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́. Ẹ wo àárín fídíò náà, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán tó le jù sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni atúpalẹ̀ ti máa ń yà sí ìpolówó onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láìyí ohùn padà.

Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí ìfipábánilòpọ̀, tàbí ìpara-ẹni, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ orí tí ẹ rò pé ó tọ́ sí. Ẹ yọ ojú òkú kúrò lára àwòrán ìta fídíò, torí ọmọ kì í tẹ ohunkóhun kó tó rí ìyẹn. Ìkìlọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Àwọn kan nínú yín ti ń ṣe é. Kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò tí wọ́n máa gbé jáde tẹ̀ lé èyí.