Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà kí ẹ tó fi lé ọmọ lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí. Ó kan gbogbo àwa tí à ń júwe ìwé ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 11 sí 14: òbí, olùkọ́, ẹ̀gbọ́n, alábòójútó ilé ìkàwé. Ohun tí mò ń rí ni pé ẹnì kan á lọ wo àkójọ orúkọ ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á mú mẹ́ta mẹ́rin tí ariwo wọn pọ̀ jù, á kó wọn fún ọmọ, á ní, "Gbà, lọ kà á, wọ́n ní ó dáa." Kò ṣí ọ̀kankan wò nínú wọn. Bí ọmọ bá ka ojú ìwé mélòó kan tó sì pa á tì, ẹjọ́ ọmọ ni wọ́n á máa rò kiri, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ìwé kíkà.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì ka ìwé kan tán kò lẹ́nu láti sọ fún ọmọ ọdún 12 pé kó lọ kà á.

Mo mọ̀ pé yóò dà bíi pé mo le jù. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn kálukú, àkókò kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín àwọn ìwé wọ̀nyí ná. Ìwé tí àwọn atẹ̀wétà ń pè ní ti ọ̀dọ́langba máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 12, ó sì ń lọ títí dé 18. Ọmọ ọdún 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama ni. Ẹni ọdún 18 ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti kúrò nílé. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n to ìwé àwọn méjèèjì sí, orúkọ kan náà ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn tó ń fún ìwé ní àmì-ẹ̀yẹ pàápàá mọ̀ pé ààlà náà kò dúró lójú kan. Ní Amẹ́ríkà, American Library Association, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé níbẹ̀, ti ń fi Newbery Medal dá ìwé ọmọdé lọ́lá láti 1922, ẹni tí wọ́n sì kà sí ọmọdé níbẹ̀ ni ẹni tí kò ju ọdún 14 lọ. Nígbà tó di 2000, wọ́n fún ìwé ọ̀dọ́ ní àmì-ẹ̀yẹ Printz fún ìgbà àkọ́kọ́, ti ọmọ ọdún 12 sí 18 nìyẹn. Ẹ ṣírò ó: ọdún 12, 13 àti 14 wọ inú méjèèjì. Àwọn ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn gan-an nìyẹn. Ní 2018, ìwé Long Way Down tí Jason Reynolds kọ wà lára àwọn tí ìgbìmọ̀ Newbery bu ọlá fún, ìgbìmọ̀ Printz náà sì bu ọlá fún un lọ́dún yẹn kan náà. Ìwé kan ṣoṣo, wọ́n ní ọmọdé lè kà á, wọ́n tún ní ọ̀dọ́ ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìwé yẹn díẹ̀. Will jẹ́ ọmọ ọdún 15. Wọ́n yìnbọn pa Shawn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Will mú ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó ń lọ pa ẹni tó gbà pé ó ṣe é. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dúró ní àjà kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan tó ti kú ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Gbogbo ìtàn náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ewì ni wọ́n kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára lè kà á tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe le tó la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ọmọ ọdún 10 máa kà á láìkọsẹ̀. Ṣé ó wá yẹ ká fún un?

Mo mọ àwọn ọmọ ọdún 12 tí mo lè fún ní ìwé yìí lónìí láìṣiyèméjì, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀, pé ṣé dandan ni kí n gbẹ̀san, ti ń jà lọ́kàn wọn. Mo sì mọ ọmọ ọdún 14 tí mo máa sọ fún pé kó dúró díẹ̀ ná. Kò sí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé tó lè bá mi yanjú èyí. Àfi kí n mọ ohun tó wà nínú ìwé, kí n sì mọ ọmọ.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí òbí bá ń fọ́nnu pé ọmọ òun tó jẹ́ ọdún 11 ń kàwé bí ọmọ ọdún 16, nítorí náà kí wọ́n fún un ní ìwé ọmọ ọdún 16. Àwọn òṣùwọ̀n bíi Lexile tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò, gígùn gbólóhùn àti bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ́pọ̀ tó ni wọ́n ń wò. Wọn kò mọ̀ bóyá ikú, ìfipábánilò tàbí ìfẹ́ ló wà nínú ìtàn. Kí ojú yára lórí ìwé, ọ̀tọ̀ ni. Kí ọkàn lè gbé ohun tí ojú rí, ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ tó yára kàwé nílò ìwé tó pọ̀ sí i, tó sì jinlẹ̀ sí i nínú irú èyí tó bá a mu. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé ká ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó máa ń dùn mí bí àgbàlagbà bá ń wá ìwé "tí kò sí wàhálà nínú rẹ̀" fún ọmọ ọdún 13. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ wàhálà. S. E. Hinton kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ The Outsiders, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967 nígbà tó wà ní ọdún 18. Ìjà ìgboro wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá wà níbẹ̀. Ọmọ ló kọ ọ́ nítorí pé kò rí ohun tó jọ ayé tó mọ̀ nínú ìwé tí àgbàlagbà ń kọ fún wọn. Mo ṣì ń fún ọmọ ọdún 12 àti 13 ní ìwé náà.

Ẹ tún wo The Crossover tí Kwame Alexander kọ, èyí tó gba Newbery Medal ní 2015. Ìbejì méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló wà nínú rẹ̀, ewì sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń fò lójú ìwé bíi pé bọ́ọ̀lù ń lu ilẹ̀. Gbogbo àkójọ ló ń sọ pé ó dáa fún ọmọkùnrin tó fẹ́ràn eré ìdárayá, òótọ́ sì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ àkójọ kì í sọ ni pé ọkàn bàbá àwọn ọmọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú kí ìwé tó parí. Ẹ má bínú pé mo sọ òpin ìtàn. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀, tí olùkọ́ kan wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí, tó ní, "Gbà, ìwé bọ́ọ̀lù ni." Èmi kò sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ náà o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé yẹn gan-an ló máa bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó tó ṣí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa yàn bóyá ó fẹ́ kà á lọ́sẹ̀ yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ka ìwé náà kò lè ṣe ìyẹn fún ọmọ.

The Giver náà ńkọ́? Lois Lowry kọ ọ́ ní 1993, ọ̀pọ̀ kíláàsì sì ń kà á títí di ìsinsìnyí. Ọmọ ọdún 11 ni Jonas nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, èdè rẹ̀ rọrùn, ìlú tó ń gbé tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí ebi, kò sí ariwo. Ó wá di ibi tí Jonas ti rí bàbá rẹ̀ tó ń "tú" ọmọ ìkókó kan sílẹ̀, tó sì wá yé e ohun tí ìtúsílẹ̀ náà jẹ́. Bàbá yẹn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ pa á. Àgbà tó bá ti ka ibẹ̀ yóò mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ dé ibẹ̀ láìsí ẹni tó máa bá sọ ọ́. Nígbà tí mo bá fún ọmọ ní ìwé yìí, mo máa ń sọ fún un pé, "Bí o bá dé ibi tí inú rẹ ti ru, wá bá mi, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó." Wọ́n máa ń wá. Òpin ìwé náà sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí Lowry kò la ọ̀rọ̀ náà ní tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ má sọ ti yín fún wọn kíá.

Ọmọ tó ní òun kò fẹ́ràn ìwé ni mo fẹ́ràn láti bá jókòó jù. Mi kì í bi í pé irú ìwé wo ló fẹ́, nítorí "mi ò mọ̀" ni á sọ. Mo máa ń bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ fún un. Ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn pé òun ń sáré. Mo fún un ní Ghost, ti Jason Reynolds náà, tó jáde ní 2016. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Castle Cranshaw ń sọ nípa òru tí bàbá rẹ̀ yìnbọn sí òun àti ìyá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alẹ́ yẹn ló mọ̀ pé òun lè sáré. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹgbẹ́ eléré ìje tó ń ṣe ìdánrawò, aṣọ tó wọ̀ wá láti ilé ló fi wọ́ wọlé, ó sì bá ẹni tó yára jù láàárín wọn sáré láìsí ẹni tó pè é. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kò sọ pé ìwé náà dùn nígbà tó dá a padà. Ó ní, "Ṣé èyí tó kù wà níbí?" Ghost ló ṣáájú nínú ọ̀wọ́ ìwé náà; nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà ló ń sọ ìtàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fún ọmọ tó fẹ́ràn àlọ́ tí ó ní ìdí, Holes ti Louis Sachar ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbẹ́ ihò níbi tí wọ́n ń pè ní adágún tí kò sí adágún níbẹ̀, gbogbo nǹkan tí ẹ bá rò pé kò já mọ́ nǹkan kan ló padà wúlò. N kò tíì rí ọmọ tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni bí àwọn kan ṣe ń gba ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin (graphic novel) lọ́wọ́ ọmọ, tí wọ́n ní kó lọ ka "ìwé gidi". Ní 2020, New Kid tí Jerry Craft kọ tó sì yà gba Newbery Medal, òun sì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ wo bí Jordan, ọmọ ọdún 12, ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí olùkọ́ bá ń fi orúkọ ọmọ dúdú kan pe ọmọ dúdú mìíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá ka ojú yẹn yé ti kàwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rudine Sims Bishop kọ ọ́ ní 1990 pé ìwé lè jẹ́ fèrèsé fún ọmọ, ó sì lè jẹ́ dígí tí á fi rí ara rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ wo irú dígí tí ọ̀pọ̀ ń gbé síwájú ọmọ dúdú: ẹrú, ìbọn ọlọ́pàá, ìyà. Ìyẹn nìkan kò tó. Mo fẹ́ kí wọ́n rí Akata Witch ti Nnedi Okorafor pẹ̀lú, tó jáde ní 2011, níbi tí Sunny, àfín ọmọ ọdún 12 tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ti ń kọ́ oògùn àti agbára pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ dúdú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrìn àjò àrà.

Bí ọmọ bá sì dá ìwé padà láìkà á tán, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Daniel Pennac, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ ẹ̀tọ́ òǹkàwé mẹ́wàá sílẹ̀ ní 1992, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹ̀tọ́ láti má ka ìwé tán. Ẹ bi ọmọ náà ojú ìwé tó dúró sí. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló ti dúró, ìtàn náà ti lọ́ra jù fún un, ẹ wá èyí tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ àárín, níbi tí nǹkan ti gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù bà á tàbí pé ó kan ohun kan nínú ayé rẹ̀. Ẹni tó ti ka ìwé náà yóò mọ ohun tó wà lójú ìwé yẹn, á sì mọ ohun tó yẹ kó bi í.